PLAYSTATION NI ÀBÍ KỌ̀ǸPÚTÀ? Ẹ̀YIN ÌYÁ ỌMỌ, Ẹ DÚRÓ NÁ KẸ́ Ẹ TÓ TÚ ETÍ AṢỌ

Ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́. Àgbà pàápàá, tí kò bá rí nǹkan rí, orúkọ tó bá wá sí i lẹ́nu ni yóò pè é. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lọ̀rọ̀ géèmù tó gbòde kan láàárín àwọn ọmọ wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, láti Ìdúmọ̀tà dé Láfíàjí, láti Campos títí dé Oníkan. Ìyá tó ń ta ańkárá ní Balógun á ní iṣẹ́ ọ̀lẹ ni. Bàbá tó ń ránṣọ ní Ọbaléndé á ní tẹ́tẹ́ ni. Tẹ́ ẹ bá wá bi ọmọ fúnra rẹ̀, á ní, "Bọ́ọ̀lù ni mo ń gbá, Mọ́mì." Ẹ gbà mí o! Bọ́ọ̀lù wo ni wọ́n ń fi àtàǹpàkò gbá lórí bẹ́ńṣì?

Ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ká máa jiyàn pé eré ni tàbí tẹ́tẹ́ ni. Àwọn ọmọ ti ń béèrè owó. Ọ̀kan á ní kí wọ́n ra PlayStation fún òun. Èkejì, tó gbọ́n féfé jù ú lọ, á ní kọ̀ǹpútà lòun ń fẹ́, pé òun fẹ́ fi múra ìdánwò WAEC. Ìyá tó ń fi èrè ata àti ẹja dá àjọ lójoojúmọ́ kò wá mọ èwo ni kóun gbọ́. Kí ló wà nínú PlayStation tí kò sí nínú kọ̀ǹpútà? Kí ló wà nínú kọ̀ǹpútà tí kò sí nínú PlayStation? Tówó bá sì ti jáde tán, kí ló máa kù sọ́wọ́ ọmọ? Ohun tá a fẹ́ tú wò lọ́sẹ̀ yìí nìyẹn.

IRINṢẸ́ ỌTỌ̀, OHUN ÌṢERÉ Ọ̀TỌ̀

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì. PlayStation, Xbox àti Nintendo, eré nìkan ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe wọ́n. Ẹ ó fi wáyà so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ẹ ó ki àwo géèmù bọ̀ ọ́ nínú, ẹ ó di pádì mú, eré ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kò ní í bá yín kọ lẹ́tà, kò ní í bá yín ṣírò owó ọjà. Kọ̀ǹpútà ní tirẹ̀, irinṣẹ́ ni, tí wọ́n tún lè fi ṣeré. Ẹ fi wé ohun èlò ilé ìdáná. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata wà, ọ̀bẹ náà sì wà. Ẹ̀rọ ata á lọ ata kíá, kò ní í dà yín láàmú. Ọ̀bẹ, ó di ọwọ́ ẹni tó mú un. Ó lè gé ẹran, ó lè bẹ iṣu, ó sì lè gé èèyàn lọ́wọ́.

Nínú àwọn méjèèjì, géèmù orí kọ̀ǹpútà ni ẹ̀gbọ́n. Lọ́dún 1962, àwọn ọ̀dọ́ kan ní ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT l'Amẹ́ríkà jókòó ti kọ̀ǹpútà ńlá kan, wọ́n ṣe eré ogun ojú òfurufú kan sórí ẹ̀ tí wọ́n pè ní Spacewar. Ẹnikẹ́ni ò rán wọn níṣẹ́, wọn ò sì tà á. Ọdún 1972 ni ẹ̀rọ géèmù àkọ́kọ́ tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n nílé, Odyssey, ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọjà. Ẹ sì jẹ́ kí orí yín wú sí èyí: aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, Jerry Lawson, ọmọ Brooklyn ní New York, ló ṣáájú àwọn tó ṣe ẹ̀rọ Channel F lọ́dún 1976. Ẹ̀rọ yẹn ló kọ́kọ́ jẹ́ kéèyàn lè yọ géèmù kan kúrò nínú ẹ̀rọ, kó sì ki òmíràn bọ̀ ọ́. Lọ́dún 2011 ni Lawson kú, àmọ́ gbogbo ọmọ tó ń pààrọ̀ àwo géèmù lónìí, ọ̀nà tó là ni wọ́n ń tọ̀.

KÍ LÓ Ń FÀ WỌ́N LỌ SÍLÉ GÉÈMÙ?

Ẹni tó bá ní tẹlifíṣọ̀n méjì, PlayStation méjì, bẹ́ńṣì àti jẹnẹrétọ̀ kékeré ní àdúgbò wa, ó ti ní ṣọ́ọ̀bù nìyẹn. Ọmọ méjì á jókòó ti ara wọn, pádì kan lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan á mú Chelsea, èkejì á mú Barcelona. Eré kan, owó kan. Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù, ẹni tí wọ́n bá nà ló máa san owó, òun náà ló sì máa dìde fún ẹlòmíì. Ẹni tó borí á jókòó pa síbẹ̀ bí ọba. Àwọn tó dúró lẹ́yìn ńkọ́? Ẹnu ni wọ́n fi ń gbá tiwọn. "Gbá a síwájú!" "Ó ti jẹ ẹ́!" "Gbé pádì sílẹ̀ jàre, o ò mọ̀ ọ́n!"

Ẹ̀yin àgbà, ṣé èyí ò jọ ohun tẹ́ ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀? Ayò ọlọ́pọ́n mà ni! Ojúlé 12, ọmọ ayò 48, ọ̀ta níhìn-ín, ọ̀pẹ̀ lọ́hùn-ún, àti àwọn òǹwòran tí ẹnu wọn ò sinmi. Ohun tó ń dùn mọ́ àwọn tó ń ta ayò lábẹ́ igi ju ọmọ ayò lọ. Ẹni tó jókòó kọjú sí wọn wà níbẹ̀, ẹ̀fẹ̀ wà níbẹ̀, orúkọ tí ọ̀ta máa ń ní ládùúgbò náà wà níbẹ̀. Nǹkan kan náà ló ń bẹ nílé géèmù. Ọmọ tí kò ní bàtà bọ́ọ̀lù, tí kò rí pápá gbá, tí olùkọ́ ò sì mọ orúkọ rẹ̀ ní kíláàsì, ó lè di ọ̀gá ńlá lórí bẹ́ńṣì yẹn láàárín wákàtí kan.

Ohun tó jẹ́ kí PlayStation ta yọ l'Ékòó nìyẹn. Ojú tẹlifíṣọ̀n kan gba ọmọ méjì, ó sì gba ọmọ mẹ́wàá tó ń wòran. Ọmọ tí kò lè ra ẹ̀rọ lè san owó eré kan péré. Kò sí pé ó gbọ́dọ̀ mọ ìwé, kò sí pé ó gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń tún ẹ̀rọ ṣe. PlayStation 2, tó jáde lọ́dún 2000, tà ju mílíọ̀nù 155 lọ lágbàáyé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2013 ni iléeṣẹ́ Sony ní ilẹ̀ Japan dáwọ́ ṣíṣe é dúró, àmọ́ ó pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn kó tó kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù àwọn èèyàn wa. Géèmù bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń pè ní FIFA, ọdún 1993 ló kọ́kọ́ jáde. Lọ́dún 2023, àwọn tó ń ṣe é yí orúkọ rẹ̀ padà sí EA Sports FC. Ṣé ẹ rò pé àwọn ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó gbà? FIFA ni wọ́n ṣì ń pè é.

KỌ̀ǸPÚTÀ NÁÀ NÍ OÒGÙN TIRẸ̀

Ọmọ tó bá fẹ́ràn géèmù orí kọ̀ǹpútà, ìwà rẹ̀ máa ń yàtọ̀ díẹ̀. Òun nìkan ló máa ń jókòó. Ó lè fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣe eré kan ṣoṣo. Géèmù wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ọmọ ò ní í gbá bọ́ọ̀lù rárá, kóòṣì ló máa jẹ́: á ra ẹlẹ́sẹ̀ ayò, á tà á, á ṣọ́ owó ẹgbẹ́ kó má bàa wọ gbèsè. Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ṣé ẹ gbọ́? Ọjà títà nìyẹn!

Ohun kejì ni owó géèmù. Ọ̀pọ̀ géèmù wà lórí kọ̀ǹpútà tó jẹ́ ọ̀fẹ́, àwọn tó ti pẹ́ sì máa ń di ẹ̀dínwó. Géèmù tuntun fún PlayStation 5, ó máa ń tó dọ́là 70. Lọ́dún 2024, nígbà tí dọ́là kan ti lé ní 1,400 náírà, àwo kan ṣoṣo ti lé ní 98,000 náírà nìyẹn. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ buwọ́ lù ní July ọdún kan náà, 70,000 náírà ni. Ẹ ò rí i bí? Òṣìṣẹ́ á ṣiṣẹ́ oṣù kan gbáko, owó rẹ̀ ò ní í ra àwo géèmù kan.

Ẹ̀kẹta ló wá jinlẹ̀ jù. Ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣeré lè dédé di ẹni tó ń ṣe géèmù, nítorí orí irú ẹ̀rọ kan náà ni wọ́n ti ń ṣe é. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ọmọdé láyé ọdún 1990 sí 2000 rántí géèmù kékeré tí wọ́n ń mú dání, tí bíríkì ń já bọ́ lójú rẹ̀, tẹ́ ẹ máa ń tò ó títí tó fi máa kún. Tetris ni bàbá rẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ nídìí kọ̀ǹpútà ní Moscow, Alexey Pajitnov, ló ṣe é lọ́dún 1984. Counter-Strike, eré ìbọn tí gbogbo ayé mọ̀, àwọn òṣèré géèmù méjì ló tú géèmù ẹlòmíì, wọ́n sì tún un tò di tiwọn lọ́dún 1999. Nígbà tó di ọdún 2000, iléeṣẹ́ tó ni géèmù àkọ́kọ́ ti gbà á, wọ́n ń tà á.

Ẹ má sọ pé òyìnbó nìkan ló ń ṣe é. L'Ékòó níbí, Hugo Obi dá iléeṣẹ́ Maliyo Games sílẹ̀ lọ́dún 2012, wọ́n sì ṣe géèmù ọlọ́kadà tí wọ́n pè ní Okada Ride. Lọ́dún kan náà, Abiola Olaniran, tó kàwé ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ n'Ílé-Ifẹ̀, dá Gamsole sílẹ̀, géèmù wọn sì wọ inú fóònù àìmọye èèyàn. Kò sí ẹni tó lè fi pádì PlayStation kọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Pádì wà fún eré ni.

ẸJỌ́ OWÓ

Níbi tọ́rọ̀ dé yìí, ìyá kan á ti máa sọ pé, "Ó dáa, kọ̀ǹpútà ni n ó rà." Ẹ rọra o! Ọgbọ́n kan wà tí àwọn ọmọ máa ń fi pa àgbà lójú. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń kàwé yàtọ̀ sí èyí tó lè gbé géèmù ńlá. Èyí tó ń gbé géèmù ńlá, káàdì pàtàkì kan wà nínú rẹ̀ tó ń ya àwòrán eré sójú rẹ̀. Káàdì yẹn nìkan, tó bá jẹ́ ojúlówó, lè wọ́n ju odidi PlayStation lọ. Ẹni tó fẹ́ ka ìwé WAEC, tó fẹ́ kọ lẹ́tà, tó fẹ́ ṣírò owó, tó fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe géèmù kékeré, kò nílò káàdì yẹn. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ lásán tó. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá dé Computer Village n'Íkẹjà, tí ọmọ ń rọ̀ mọ́ èyí tó wọ́n jù, ẹ bi ọlọ́jà ní ìbéèrè kan péré níṣojú ọmọ: "Ṣé iwé kíkà ni káàdì tó wà nínú èyí wà fún, àbí géèmù?" Ẹ wá máa wo ojú ọmọ yín.

PlayStation 5 ńkọ́? Dọ́là 499 ni wọ́n fi lé ọjà l'Amẹ́ríkà ní November 2020. Láti ìgbà tí ìjọba ti jẹ́ kí náírà máa wá iye tirẹ̀ ní June 2023, ohun tó bá ti òkè òkun wá ti di olówó gọbọi. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ra ẹ̀rọ, ẹ ó ra àwo, ẹ ó ra pádì kejì. Iná ńkọ́? PlayStation 5 máa ń fa iná tó nǹkan bí 200 wáàtì nígbà tí eré bá ń lọ, tẹlifíṣọ̀n tún ń fa tirẹ̀. Kò sì ní bátìrì. Bí NEPA bá ti gbé iná lọ, eré ti parí, àfi kẹ́ ẹ fa jẹnẹrétọ̀. Kí ìrànwọ́ orí epo tó lọ ní 29 May 2023, jálá bẹntiróòlù ò tó 200 náírà l'Ékòó. Kí oṣù July ọdún yẹn tó parí, ó ti lé ní 550. Ẹ bi àwọn tó ni ilé géèmù, wọ́n á sọ fún yín ibi tí èrè wọn gbà lọ.

Láptọ́ọ̀pù lásán, ṣájà rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí 65 wáàtì, bátìrì sì wà nínú rẹ̀. Bí iná bá lọ, ọmọ ṣì lè parí ohun tó ń ṣe.

IBI TÍ EWU FARA PAMỌ́ SÍ

Ewu ilé géèmù hàn sójú. Ọmọ tó gbé yúnífọ́ọ̀mù sínú báàgì lágogo mẹ́wàá òwúrọ̀, gbogbo àdúgbò ló ń rí i. Tí wọ́n bá ti kúrò lórí pé ẹni tí wọ́n nà ló ń san owó eré, tí wọ́n wá ń dá owó sílẹ̀ kí ọ̀ta kó gbogbo rẹ̀, ó ti di tẹ́tẹ́ nìyẹn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Owó oúnjẹ ọ̀sán ni yóò kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn náà, owó inú àpò ìyá.

Ewu kọ̀ǹpútà kò hàn sójú. Inú yàrá ni, ìlẹ̀kùn ti tì, òru ti jìn, ìyá rò pé ìwé ni ọmọ ń kà. Ìbẹ̀ ni àjèjì ti lè bá a sọ̀rọ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀rẹ́ burúkú ti lè kọ́ ọ ní iṣẹ́ yahoo. Ẹ sì rántí October 2020, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ tú jáde torí SARS. Lára ohun tí wọ́n ń ké lé lórí ni pé àwọn ọlọ́pàá kan rí ọ̀dọ́ tó gbé láptọ́ọ̀pù lójú títì, wọ́n ti pè é lólè ṣáájú kó tó lanu. Kò sẹ́ni tó ń mú ọmọ torí pé ó di pádì mú. Ìyá tó bá ra láptọ́ọ̀pù fún ọmọ, kó tọ́jú rìsíìtì rẹ̀ dáadáa.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti fi àìlè-jáwọ́-nínú-géèmù kún ìwé àwọn àìsàn. Wọ́n fọwọ́ sí i lọ́dún 2019, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 2022. Wọn ò sọ pé gbogbo ọmọ tó ń ta géèmù ló ń ṣàìsàn o. Ẹni tí kò lè dá ara rẹ̀ dúró mọ́, tí géèmù ti ga ju oúnjẹ, oorun àti iṣẹ́ lọ lójú rẹ̀, tó rí i pé ó ń ba ayé òun jẹ́ síbẹ̀ tó ń bá a lọ fún nǹkan bí ọdún kan, òun ni wọ́n ń bá wí. Ní China, ìjọba ṣòfin lọ́dún 2021 pé ọmọ tí kò tí ì pé 18 ọdún kò gbọ́dọ̀ ta géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì ju wákàtí kan lọ lọ́jọ́ Jímọ̀, Sátidé àti Sọ́ńdè, láti agogo mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án alẹ́. Níbí, kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀. Ìyá àti bàbá ni ìjọba.

OHUN TÍ DÓKÍTÀ RANDLE ṢE L'ÓNÍKAN

Oníkan ti jẹ́ ibi eré tipẹ́. Pápá ìṣeré tí wọ́n ń pè ní King George V nígbà kan wà níbẹ̀. Orúkọ Mobọ́lájí Johnson, gómìnà ológun àkọ́kọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ló ń jẹ́ báyìí. Àmọ́ nítòsí ibẹ̀, lọ́dún 1928, Dókítà John Randle fi owó ara rẹ̀ gbẹ́ ibi ìwẹ̀dò kan kí àwọn ọmọ lè rí ibi kọ́ odò wíwẹ̀. Èkó, omi ló yí i ká. Randle lè ní kí gbogbo ìyá máa fi pàṣán lé ọmọ kúrò létí ọ̀sà. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wá omi tó ní ògiri, tó ní olùkọ́, tí ojú àgbà tó o, ó ní kí wọ́n wọ̀ ọ́. Ilé àṣà Yorùbá tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ, tí Ààrẹ Buhari ṣí ní January 2023, wà níbẹ̀ lónìí.

Géèmù ni omi tó yí àwọn ọmọ ti ìsinsìnyí ká. Ẹni tówó rẹ̀ ò tó, kó má jẹ gbèsè rárá. Kó bá onílé géèmù tó mọ̀ sọ ọ́, ẹnu-ṣọ́ọ̀bù, lójú ọmọ: ọ̀sán Sátidé nìkan, eré mélòó kan, kò gbọ́dọ̀ fi owó ta. Ẹni tó lágbára PlayStation, kó gbé e sí pálọ̀, kó sì ra pádì méjì, torí pé ẹnì kejì ni adùn rẹ̀. Pádì kan ṣoṣo nínú yàrá, ìdáwà lẹ́ ẹ rà fún ọmọ yẹn. Ẹni tó ra láptọ́ọ̀pù, kó má jẹ́ kó wọ yàrá lóru, kó sì máa béèrè lóṣooṣù pé, "Kí lo fi ṣe tí mo lè fojú rí?" Ó lè jẹ́ ìwé gbèsè àwọn oníbàárà ìyá rẹ̀ tó tò lẹ́sẹẹsẹ. Ó lè jẹ́ géèmù ayò kékeré tó ṣe fúnra rẹ̀.

PlayStation ń ta ẹgbẹ́ fún ọmọ. Kọ̀ǹpútà ń ta iṣẹ́ ọwọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá fẹ́ san owó rẹ̀, ẹ má san owó ọ̀kan kẹ́ ẹ máa retí èkejì, kó má di pé lẹ́yìn ọdún kan ẹ ń pariwo pé ọmọ jẹ yín lówó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní èrò tiyín, ẹ̀yin onílé géèmù tọ́rọ̀ yìí dùn tàbí tó bí nínú, ojú ewé lẹ́tà ṣí sílẹ̀ fún yín. Ọlọ́run á bá wa wo àwọn ọmọ wa o. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.